Ìjàpá àti Igbó Iyùn Tí Kò Kan Ẹnikẹ́ni

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mo ní ààlọ́ o! Àbí oorun ti ń kùn yín ni?

Ààlọ̀!

Ẹn-ẹ́n. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Orímisan, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lára àbúrò rẹ. Àlọ́ tèmi kò bá ẹnikẹ́ni lọ sóko, kò sì gba inú igbó kọjá. Iwájú ilé ló ti jáde, ó tẹ iyanrìn, ó wọ inú òkun lọ, ó dúró lórí Ìjàpá ọkọ Àwẹ̀ró. Àlọ́ ẹ̀rín kọ́ lónìí o. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó yáa rín in báyìí, torí kò ní í rí i rín nígbà tó bá yá.

Láyé àtijọ́, Ìjàpá mọ omi í wẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Òun àti Àwẹ̀ró aya rẹ̀, etí òkun ni wọ́n ń gbé. Bó bá wù wọ́n, wọ́n á rìn lórí ilẹ̀. Bó bá wù wọ́n, wọ́n á wọ omi. Nígbà náà, kò tíì sí pé Ìjàpá kan wà lórí ilẹ̀, kí òmíràn wà nínú òkun.

Ní ọ̀kánkán ilé wọn, nínú omi, igbó kan wà. Igbó iyùn ni. Ẹ̀yin mọ iyùn lọ́rùn ọba, ẹ sì rò pé òkúta ni. Kì í ṣe òkúta. Iyùn inú òkun wà láàyè. Ó ń jẹun, ó ń bímọ, ó ń yọ ẹ̀ka bí igi, ó sì pupa fòò. Inú rẹ̀ ni ẹja ń yé ẹyin sí. Inú rẹ̀ ni ọmọ edé ń sá sí bí ẹja ńlá bá ń lé e. Bí ìgbì bá sì ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ tó ń bínú, igbó yẹn ló máa kọ́kọ́ forí sọ. Kó tó dé etí ilẹ̀, ìbínú rẹ̀ á ti rọlẹ̀, á kàn máa lá ẹsẹ̀ èèyàn bí ọmọ ajá.

Àbùùbùtán ni ọba inú òkun, ẹja ńlá tí a bù, bù, bù, tí kò tán. Ọba yìí rí i pé tọmọdé tàgbà ń ṣẹ́ iyùn bí ẹni ń ṣẹ́ igi ìdáná. Ó ní èyí kò dáa. Ló bá ṣe òfin. Ó fi ààlè sí ẹnu igbó iyùn, bí ẹ ti ń rí i lára igi ọsàn olóko: àlòkù ọwọ̀, àkísà pupa, ìkarahun ìgbín, ó so gbogbo rẹ̀ mọ́ òpó kan. Ó wá ké sí gbogbo ará omi àti ará etí omi. Ó ní:

“Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iyùn tó wà láàyè. Èyí tó bá ti kú, ẹni tó bá rí i ló ni ín.”

Òfin dára. Àbí kò dára? Ó dára. Ọba tún yan olùṣọ́. Ó fún Lékeléke ní òkè omi. Ó fún Ọ̀bọ̀kún ní agbedeméjì omi. Ó fún Ìyá Alákàn ní ìsàlẹ̀, lórí iyanrìn. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń pè wọ́n. Kò pè wọ́n jókòó pọ̀ rí. Ohun tó sì sọ fún olúkúlùkù ni pé, “Ibi tìrẹ ni kí o mójú tó. Má tojú bọ ti ẹlòmíì.” Àwọn náà sì jẹ́ ọmọlúàbí. Ẹ mọ bí ọmọlúàbí ti ń ṣe, kì í wọ ilé onílé láìkàgò.

Ó yá, ọ̀rọ̀ kan Àwẹ̀ró wàyí.

Àwẹ̀ró yàgàn títí ó sú u. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pọn ọmọ, òun ń pọn ìkarahun. Wọ́n ń fi í kọrin. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí, á sì tètè dìde kí wọ́n má baà ní kó gbé ọmọ mọ́ra. Ó sunkún, ó sunkún, Elédùmarè gbọ́. Àwẹ̀ró yé ẹyin! Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó gbẹ́ iyanrìn létí omi, ó kó wọn sí i, ó bò wọ́n mọ́lẹ̀ kí oòrùn lè máa mú wọn lọ́wọ́ọ́wọ́. Ojoojúmọ́ ló ń lọ síbẹ̀, á dẹ etí sí iyanrìn, á máa gbọ́ bóyá ẹnìkan ń rá nínú.

Ìjàpá náà yọ̀. Ṣùgbọ́n ayọ̀ Ìjàpá kì í wá láìmú àrékérekè dání.

Ó ní, “Àwẹ̀ró, lọ́jọ́ tí a bá ń sọ wọ́n lórúkọ, iyùn ni àwọn ọmọ mi máa so sọ́rùn. Gbogbo àwọn tó fi wá ṣẹ̀sín ni mo máa pè wá wò ó.”

Àwẹ̀ró ní, “Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ wo ló béèrè ìlẹ̀kẹ̀? Kí wọ́n ṣáà jáde láyọ̀. Òfin ọba wà níbẹ̀. Ààlè wà níbẹ̀.”

Ìjàpá rẹ́rìn-ín. “Ṣé o ti wo àwọ̀n rí? Ihò ló pọ̀ nínú rẹ̀ ju òwú lọ. Bí òfin ti rí gan-an nìyẹn. Ọba ní ká má fọwọ́ kan ààyè. N kò sì ní fọwọ́ kan ààyè.”

“Kí wá lẹ fẹ́ ṣe?”

“Mo máa jẹ́ kó kọ́kọ́ kú ni.”

Àwẹ̀ró dákẹ́. Ó padà sọ́dọ̀ ẹyin rẹ̀. Ó dùn mí pé ó dákẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi, torí ọ̀rọ̀ tó yẹ kó pariwo ni.

Ìjàpá bọ́ sẹ́yìnkùlé. Ó já ewé oró, èyí tí àwọn apẹja kan ń gún láti fi mú ẹja inú odò lọ́yì. Ó gún un, ó pò ó mọ́ omi, ó rọ ọ́ sínú akèrègbè. Ó gbé e kọ́rùn, ó wẹ̀ lọ sókè igbó iyùn. Ó ṣí ìdérí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á díẹ̀díẹ̀.

Lékeléke wà lórí àpáta, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó na ọrùn.

“Ìjàpá, kí lò ń dà yẹn?”

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Lékeléke. Ẹ kú ìṣọ́. Omi ewé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òkè ni mò ń dà á sí ni, àbí inú omi?”

Lékeléke wò ó. “Inú omi ni.”

“Ta ló ni inú omi?”

“Ọ̀bọ̀kún ni.”

“Ẹ ṣé, bàbá.”

Lékeléke ká ọrùn rẹ̀ padà. Kò wu ú kí Ọ̀bọ̀kún sọ pé òun ń tojú bọ iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni.

Oró ń sọ̀kalẹ̀, ó rí ràkọ̀ràkọ̀. Ọ̀bọ̀kún rí i. Ojú rẹ̀ ta á. Ó ní, “Ìjàpá! Kí lèyí?”

“Ẹ kú iṣẹ́ o, olóyè. Bàbá Lékeléke ti rí mi, wọn kò sì dá mi lẹ́kun.” Òótọ́ ni, àbí irọ́ ni? Òótọ́ ni! “Ṣé ó dúró lọ́dọ̀ yín ni?”

“Kò dúró. Ó ń kọjá lọ sísàlẹ̀ ni.”

“Ta ló ni ìsàlẹ̀?”

“Ìyá Alákàn ni.”

“Ẹ ṣeun, olóyè.”

Ọ̀bọ̀kún nu ojú rẹ̀, ó yí ìrù padà.

Oró balẹ̀ sórí iyùn. Ìyá Alákàn ń rìn bọ̀ lórí iyanrìn. Iwájú ló ń kọjú sí tó bá ń rìn nígbà náà, bíi gbogbo ẹranko. Ó wòkè, ó rí Ìjàpá. “Ìwọ Ìjàpá, kí lo ṣe sí iyùn ọba?”

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Òfin ní ká má fọwọ́ kàn án. Ẹ wo ọwọ́ mi. Ṣé ó kàn án?”

Alákàn wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ jìnnà sí iyùn. “Kò kàn án.”

“Bí kò bá kàn án, ṣé ó kàn yín?”

Alákàn dúró. Ara rẹ̀ kò gbà á. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ọba ní kó máa ṣọ́, kò sì rí ọwọ́. Ó ní, “Ó dà bíi pé kò kàn mí.”

Ìjàpá wá fi orin sí i. Orin yìí, ẹ̀yin lẹ máa gbè é. Ègbè rẹ̀ ni: “Kò kàn mí, kò kàn ọ́.” Ó yá.

Lékeléke, ṣé òkè ni mo dà á sí?
*Kò kàn mí, kò kàn ọ́.*
Ọ̀bọ̀kún, ṣé ọ̀dọ̀ rẹ ló dúró sí?
*Kò kàn mí, kò kàn ọ́.*
Alákàn, ṣé ẹ rí ọwọ́ mi lára rẹ̀?
*Kò kàn mí, kò kàn ọ́.*
Omi ló gbé e, omi ló gbé e lọ.
*Kò kàn mí, kò kàn ọ́.*

Ẹ gbè é dáadáa ju bí mo ti rò lọ. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀.

Kí lo wí, Títílọlá? Ṣé wọn kò rí i ni? Wọ́n rí i! Ojú wọn mọ́ ju tìẹ lọ. Ọmọ mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ rírí.

Ìjàpá ń lọ, Ìjàpá ń bọ̀, akèrègbè kò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Kò pẹ́, àwọ̀ iyùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Ẹ̀ka tó pupa fòò di ràndànràndàn, ó wá funfun bí eegun tí oòrùn ti pa. Àwọn ẹja kó ẹrù, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á yé ẹyin sí. Ọmọ edé kò rí ibi sá sí mọ́.

Ìyá Alákàn kò lè fara dà á. Ó ranṣẹ́ pe Lékeléke àti Ọ̀bọ̀kún pé kí àwọn jókòó sọ̀rọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa sọ̀rọ̀ pọ̀ nìyẹn.

Lékeléke ní, “Ẹ gòkè wá bá mi lórí àpáta.”

Ọ̀bọ̀kún ní, “Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá bá mi nínú omi.”

“Pẹ̀lú aṣọ funfun mi yìí?”

Alákàn ní kí wọ́n pàdé níbi tí omi ti mọ ní orúnkún. Wọ́n gbà. Wọ́n kíra wọn. Lékeléke tiẹ̀ pa òwe pé, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Gbogbo wọn mi orí, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Alákàn wá béèrè pé, ta ló máa gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọba?

Ọ̀rọ̀ wá bẹ́yìn yọ. Lékeléke ní ọ̀dọ̀ òun ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu òun ló yẹ kí ọba ti gbọ́. Ọ̀bọ̀kún ní ọ̀rọ̀ omi ni, kí ẹyẹ má bá ẹja dá sí ọ̀rọ̀ omi. Lékeléke bi í pé, “Ìwọ tí oró gba iwájú rẹ kọjá?” Ọ̀bọ̀kún ní, “Ìwọ tí o rí i nígbà tó ṣì wà nínú akèrègbè?” Ariwo ta. Alákàn ń bẹ̀ wọ́n pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ lọ, ká jọ lọ.” Ta ló ń gbọ́? Wọ́n tú ká. Wọ́n ní àwọn máa tún pàdé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú ká yẹn, Ìjàpá wà lókè igbó iyùn tó ń da oró. Kò tiẹ̀ fi bò mọ́.

Iyùn kú pátá. Ìjàpá wá wọ inú igbó, ó kó òkú iyùn jáde lójú gbogbo ayé. Ó gbé e délé, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń lu ihò sí i, ó ń sín in sí okùn. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ náà kò pọ́n. Iyùn tó bá kú, pípọ́n rẹ̀ ti bá a lọ. Ìjàpá ní kò burú. Ó mú osùn tí Àwẹ̀ró ti lọ̀ sílẹ̀ de ara ọmọ, ó fi í kun ìlẹ̀kẹ̀. Ó wá pupa.

Òórùn ikú gba inú òkun títí ó fi dé ààfin. Ọba Àbùùbùtán dìde, ó wá fúnra rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu igbó iyùn, ààlè rẹ̀ ṣì wà lórí òpó, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ohun tó ń ṣọ́ ni kò sí mọ́.

Ó pe àwọn olùṣọ́. “Lékeléke?”

“Kábíyèsí, òkè ni tèmi. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lókè.”

“Ọ̀bọ̀kún?”

“Kábíyèsí, ó kọjá lọ́dọ̀ mi ni. Kò dúró.”

“Alákàn?”

Ìyá Alákàn ti ń sunkún. “Ó kàn mí, Kábíyèsí. Ọjọ́ tí mo ti rí i ló ti kàn mí. Èmi ni mo ní kò kàn mí.”

Wọ́n mú Ìjàpá wá, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Kí adé pẹ́ lórí. Ẹnu yín lẹ fi sọ pé ẹni tó bá rí òkú iyùn ló ni ín. Òkú ni mo mú.”

Ọba kọ ẹ̀yìn sí i. Ó wo igbó tó ti di eegun. Lẹ́yìn náà ló ní, “Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ni n kò pè yín jókòó pọ̀. Ìjàpá, òfin mi kò rí ọ mú. Máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n n kò lè bá ọ bẹ ìgbì.”

Ìjàpá kò dúró gbọ́ èyí tó kẹ́yìn. Orin ló ń kọ lọ sílé. Ẹ bá mi gbè é, ẹ rọra gbè é.

Ọba gbọ́ mi, ọba dá mi sílẹ̀.
*Kò kàn mí, kò kàn ọ́.*
Ọmọ Ìjàpá yóò so iyùn sọ́rùn.
*Kò kàn mí, kò kàn ọ́.*
Ìgbì ń bọ̀ lẹ́yìn, ìgbì ń bọ̀.
*Kò kàn mí, kò kàn ọ́.*

Ó tó. Ẹ dákẹ́ ègbè.

Òkun kún lọ́jọ́ náà. Ìgbì ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, ó ń bínú bó ti máa ń bínú. Ó dé ibi tó ti máa ń forí sọ, kò bá nǹkan kan níbẹ̀, eegun ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó ń bọ̀. Àwẹ̀ró rí i. Ó sáré bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lè sáré mọ, ó fi gbogbo ara rẹ̀ bo ibi tó ri ẹyin sí. Ó ní, “Má ṣe, má ṣe, wọn kò tíì rí ayé.” Ìgbì gbé e kúrò, ó jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òmíràn tún dé, ó gbẹ́ iyanrìn. Àwẹ̀ró rí ẹyin rẹ̀ tó ń yí nínú ìfófòó, ó na ọwọ́, ọwọ́ kò tó o.

Nígbà tí Ìjàpá dé, Àwẹ̀ró ń gbẹ́ ilẹ̀. Omi ń dí ihò náà, ó ń gbẹ́ ẹ.

Ìjàpá ní, “Àwẹ̀ró, ibí kọ́ lo bò wọ́n sí.”

“Ibí ni.”

“Omi nìyí, Àwẹ̀ró.”

“Ibí ni, Bàbá wọn.”

Omi ta sí ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́wọ́ Ìjàpá. Osùn ṣí kúrò lára rẹ̀, ó funfun gbòò. Àwẹ̀ró gbójú sókè, ó wò ó. Ó ní, “Eegun ta lẹ sín sókùn yẹn?”

Ìjàpá wo ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo ẹni tó ní èsì fún ọba, tó ní èsì fún olùṣọ́ mẹ́ta. Kò ní èsì fún aya rẹ̀.

Àwẹ̀ró dìde. Kò bú u, kò gbé e ṣépè. Ó kàn ní, “Mò ń lọ wá wọn.” Ó wọ omi. Ìjàpá ké pè é, ó tẹ̀ lé e, ìgbì gbé e padà sílẹ̀. Ó tún wọ ọ́, ìgbì tún dá a padà, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi gbàgbé bí a ti ń wẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ìjàpá ilẹ̀ kì í fi í wọ òkun títí di òní. Ìdí nìyẹn náà tí ó fi jẹ́ pé ìjàpá kan wà nínú òkun.

Ní ti Ìyá Alákàn, kò gbà kí ohunkóhun ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìmọ̀ mọ́. Ó na ojú rẹ̀ sókè, ó ń fi í ṣọ́ òkè. Ó fi rírìn síwájú sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló ń rìn sí, kó lè máa dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò rẹ̀ kó béèrè pé kí lẹ rí. Bí a bá sì bi í ní orúkọ, á ní, “Akàn ni mí. Ó kàn mí.”

Àwẹ̀ró ń wá wọn kiri títí di òní. Kò rí wọn. Bí ìgbà bá tó, tí ikùn rẹ̀ bá tún wúwo, á padà wá sí etí ilẹ̀, ibi yòówù tí iyanrìn bá ṣẹ́kù sí. Á gbẹ́ ihò tó jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Á kó ẹyin sí i, á bò ó mọ́lẹ̀, á sì máa sunkún. Omi á máa dà lójú rẹ̀ lójú yín báyìí. Àwọn apẹja ní iyọ̀ òkun ló ń sọ dànù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ yà fún un, ẹ má sì bi í léèrè ọkọ rẹ̀.

Ibi tí omi gbé àlọ́ mi jù sí rèé. Bí mo bá parọ́, kí ìgbì tó ń bọ̀ yìí má ṣe dún. Bí n kò bá parọ́, kó dá mi lóhùn.

Ẹ dákẹ́.

Ẹ gbọ́ ọ? Ó ti sún mọ́ ilé ju ti èṣí lọ.